Eyín Tí Kò Pàdé Lẹ́nu Ọmọdé: Èwo Ni Kí A Tètè Tọ́jú?

Òbí tí ó wà ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí àwọn oníṣègùn eyín ọmọdé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan a máa dúró kí eyín àgbà hù tán kí wọ́n tó mú ọmọ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tí ń to eyín ní Amẹ́ríkà gbani níyànjú pé kí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ má kọjá ọdún 7, nítorí pé egungun ẹnu ṣì ń dàgbà nígbà náà.

Àyẹ̀wò yàtọ̀ sí ìtọ́jú o. Èjí ọmọ ọdún 8 kì í ṣe àrùn. Ó lè pa dé fúnra rẹ̀ bí àwọn eyín ṣóńṣó òkè bá yọ ní nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12. Bí kò bá sì pa dé, ẹwà ni lójú Yorùbá.

Èyí tí kò yẹ kí a fi jáfara ni kí eyín òkè bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀, tí àgbọ̀n ọmọ sì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó bá ti pa ẹnu dé. Bí a bá fi í sílẹ̀, àgbọ̀n lè dàgbà ní wíwọ́. Ìlà tí ó pín àjà ẹnu sí méjì kò tíì le lára ọmọdé. Oníṣègùn lè fi irin kékeré fẹ àjà náà díẹ̀díẹ̀ láàrin oṣù mélòó kan. Lára àgbàlagbà, ó lè di iṣẹ́ abẹ.

Ní ti eyín òkè tí ó yọ síwájú, ìwádìí fi hàn pé èrè pàtàkì tí ó wà nínú títètè tọ́jú rẹ̀ ni pé eyín náà kò ní tètè kán bí ọmọ bá ṣubú. Bí àtàǹpàkò mímu ni ó fà á, sùúrù ni kí a fi gbà á lẹ́nu ọmọ, kì í ṣe ata.