Idì Tí Ó Hewú Sẹ́nu Iṣẹ́ Ogun

Àwọn ológun tí Amẹ́ríkà ń pè ní Máríìnì, ajagun-lómi-jagun-nílẹ̀ ni wọ́n: ọkọ̀ ojú omi ni í gbé wọn dé etí ilẹ̀ ọ̀tá, wọn a fò sílẹ̀ tìbọn-tìbọn, àwọn ẹgbẹ́ wọn mìíràn a sì máa fi bàálù jà fún wọn láti òkè. Ọdún 1775 ni a dá ẹgbẹ́ ogun náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, títí di 1942, gbọn-in ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tì mọ́ aláwọ̀ dúdú.

Ọdún 1932 ni a bí Frank Petersen ní ìlú Topeka, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Nígbà tí ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1950, máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń gbani síṣẹ́ fi rò pé ó jí ìwé wò ni, tí ó sì ní kí ó tún un ṣe. Petersen tún un ṣe, ó tún yege. Ọkùnrin náà wá yìn ín, ó ní irú rẹ̀ gan-an ni yóò mọ iṣẹ́ agbáwo ṣe fún àwọn ọ̀gá. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà ni Jesse Brown, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wa bàálù fún ológun ojú omi Amẹ́ríkà, kú sójú ogun Kòríà. Ìtàn akọni yìí sì wà lára ohun tí ó mú Petersen pinnu pé òun náà yóò fò.

Ní 1952 ó gba àmì awakọ̀ òfuurufú, ó sì di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ Máríìnì, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wa bàálù fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ó gbéra lọ jà ní Kòríà. Ní Vietnam, ní 1968, òun ni olórí ọ̀wọ́ bàálù Phantom kan. Ọ̀tá yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀, ó já bọ́, wọ́n gbé e yọ, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ìjà òfuurufú tí ó jà láyé rẹ̀ lé ní 350.

Ní 1979 ó di ọ̀gágun àgbà, aláwọ̀ dúdú kan kò dé ipò bẹ́ẹ̀ rí láàárín Máríìnì. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe olórí Quantico, ní Virginia, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá Máríìnì níṣẹ́. Ọdún 38 ni ó sì ti lò nínú aṣọ ogun kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 1988.

Ṣùgbọ́n oyè kan wà láàárín àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun ojú omi àti ti Máríìnì, Idì Eléwú, tí a kì í fi ipò tàbí ojúrere jẹ: ẹni tí ó ti gba àmì awakọ̀ pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni í jẹ ẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Petersen ni oyè náà kàn, gbogbo awakọ̀ aláwọ̀ funfun tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà sì di àbúrò rẹ̀. Ó kú ní 2015; ní 2022 ọkọ̀ ogun tí a fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba ni ó fi ọkọ̀ náà dá a lọ́lá. Ipò Idì Eléwú, ẹnikẹ́ni kò fi ta á lọ́rẹ.