Nsawam: Oko àti Ọjà Létí Odò Densu

Bí ènìyàn bá kúrò ní Accra tó forí lé ọ̀nà Kumasi, kò ní rìn tó ogójì kìlómítà kó tó kan Nsawam. Odò Densu ló la ibẹ̀ kọjá: Nsawam ní bèbè kan, Adoagyiri ní bèbè kejì, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ló sì ń ṣàkóso àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá bi ará Accra léèrè ohun tó mọ̀ nípa ìlú yìí, búrẹ́dì ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá ibẹ̀. Oko kì í sábà wá sí wọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ oko ló gbé ìlú náà ró.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀ yìí ń rí òjò lọ́dún. Ti àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, ó ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹfà, ó sì ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Àrọ̀kúrò ń rọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án títí di Ìkọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé. Àgbẹ̀ Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta kò ní ṣìnà níbẹ̀. Ẹni tó bá yára lè kórè àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ gbójú lé, nítorí ẹ̀gẹ́ a máa dúró nínú ilẹ̀ de ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dilẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kókò, ata, tòmátì àti ọ̀pẹ òyìnbó náà kò gbẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ ìletò Akan, a kì í roko ní Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ọjọ́ Asase Yaa, ìyẹn Ilẹ̀, ni. Àwọn mìíràn fi ti wọn sí ọjọ́ Ẹtì. Àjèjì tó bá gbé ọkọ́ jáde lọ́jọ́ ìsinmi lè rí i pé àgùntàn ni wọn yóò ní kó mú wá fi ṣètùtù. Lórí òkè Akuapem tó wà nítòsí, wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pa ìlù àti ariwo mọ́ kí ọdún Odwira tó dé ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jẹ iṣu tuntun títí àkókò náà yóò fi pé.

Kòkó ló kọ́kọ́ sọ agbègbè yìí di olówó. Ní 1879 ni Tetteh Quarshie, alágbẹ̀dẹ tó ti ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Fernando Po, gbin kòkó sí Mampong lórí òkè Akuapem, oko náà sì ṣì wà níbẹ̀ fún àlejò láti wò. Gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ghana ló mọ ìtàn yẹn. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló tóbi jù. Ilẹ̀ orí òkè kò tó, nítorí náà láti nǹkan bí ọdún 1890 sókè, àwọn àgbẹ̀ Akuapem bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀, wọ́n sọdá Densu, wọ́n sì ń fowó ra igbó lọ́wọ́ àwọn ọba Akyem Abuakwa. Àwọn tó ń jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá, bí ará Krobo àti Shai, a kóra jọ bí ẹgbẹ́, wọn a yan olórí, wọn a ra ilẹ̀ gbalasa kan pọ̀, wọn a wá na okùn létí odò tàbí létí ọ̀nà láti pín in. Bí owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá bá ṣe pọ̀ tó ni ojú ilẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó; láti ojú ibẹ̀, ó di tirẹ̀ tààrà wọnú igbó. Huza ni àwọn Krobo ń pè é. Àwọn tó ń jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá, bí ará Aburi, a rà á ní ti ìdílé. Polly Hill, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, tọ ipasẹ̀ àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí kiri, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Ìwé náà pa àwọn tó ń wí pé òyìnbó ló kọ́ àgbẹ̀ Ghana bí a ti ń dá owó lé oko lẹ́nu mọ́. Nígbà tó fi di 1911, kò sí ilẹ̀ kan lágbàáyé tó ń kó kòkó jáde tó Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní.

Àárín àwọn ọdún 1930 lọ́hùn-ún ni àrùn dé, èyí tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú títí igi náà yóò fi gbẹ. Ní ẹkùn ìlà oòrùn yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní 1936. Gígé igi ni ìtọ́jú kan ṣoṣo tí ìjọba mọ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi ni wọ́n sì gé. Ibínú àgbẹ̀ lórí rẹ̀ wà lára ohun tó da epo sí iná rúkèrúdò Accra ní 1948. Àwọn àgbà Ìbàdàn mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ lórí gígé igi kòkó dáadáa. Ẹni tó lágbára ṣí lọ sí igbó ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó dúró padà sídìí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń roko níbẹ̀ lónìí kò ní ilẹ̀. Ètò méjì ni wọ́n ń bá onílẹ̀ ṣe. Nínú abusa, ẹni tó ń tọ́jú oko tó ti ń so ń mú ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú abunu, alágbàro fúnra rẹ̀ ló ṣán igbó tó sì gbìn ín, wọn a wá pín in ní ọgbọọgba. Iṣẹ́ tó bá ju agbára ẹnì kan lọ, wọn a ṣe nnoboa, tí í ṣe àáró tiwa.

Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Accra ní 1909, tó sì dé Kumasi ní 1923, gba Nsawam kọjá. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni èrò ti ń wá oúnjẹ, bí àwọn obìnrin ìlú náà ṣe mú búrẹ́dì ṣe iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí èrò kúrò lójú irin bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin náà tẹ̀lé wọn, wọ́n ń sáré tẹ̀lé fèrèsé ọkọ̀ pẹ̀lú ọpọ́n lórí. Kò sí àgbẹ̀ àlìkámà kan ní Nsawam. Láti òkè òkun ni ìyẹ̀fun ti ń wá. Síbẹ̀ èrò tó bá sọ̀ torí búrẹ́dì a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn kún un. Ọ̀nà ńlá tuntun ti yẹ̀ fún àárín ìlú báyìí, ọjà sì fara gbá a.

Yorùbá náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Àwọn alájàpá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí tàn ká àwọn ìlú ọjà Ghana. Ìkànìyàn 1960 ka Yorùbá tó lé ní 100,000. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ìsọ̀ tí àwọn Yorùbá tó lọ fi sílẹ̀ rí ẹni gbà á. Àwọn alágbàṣe tó bá wọn lọ ló nira láti rí ẹni rọ́pò, àwọn olóko kòkó sì rojọ́ rẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn náà ọ̀pẹ òyìnbó gba iwájú. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní Smooth Cayenne ni wọ́n ń gbìn fún Yúróòpù, àgbẹ̀ kékeré púpọ̀ sì wà nínú iṣẹ́ náà. Ní 1996 ilé-iṣẹ́ Del Monte mú oríṣi tuntun, MD2, wọ ọjà láti Costa Rica. Ó dùn jù, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tó fi di 2005, àwọn òyìnbó oníbàárà ti kẹ̀yìn sí Smooth Cayenne. Ọ̀pẹ òyìnbó a máa ju ọdún kan lọ nílẹ̀ kó tó so, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní oko tí èso rẹ̀ ti pọ́n láìsí ẹni tí yóò rà á. Ọmọ MD2 tí a ń gbìn wọ́n, ó sì ń fẹ́ ajílẹ̀ àti ọ̀rá tí a ń tẹ́ sórí ebè. Ilé-iṣẹ́ ńlá rí owó yí padà. Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré kò rí i. Mi ò rí ibi tí àgbẹ̀ ti ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ní kó gbìn ló gbìn.

Ilé-iṣẹ́ Blue Skies, tí Anthony Pile dá sílẹ̀ nítòsí Nsawam ní 1998, gba ọ̀nà mìíràn: Ghana níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bó èso, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí owó iṣẹ́ ọwọ́ lè dúró nílé. Sugarloaf, oríṣi ọ̀pẹ òyìnbó onínú funfun tí àwọn ará Ghana fúnra wọn fẹ́ràn, kò kúrò lọ́jà. Ẹni tó gbìn ín kò retí ìwé ìbéèrè ọjà láti òkè òkun.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn àgbẹ̀ Nsawam báyìí ni Accra fúnra rẹ̀. Densu tó ṣàn kọjá ìlú yìí láti òkè Atewa ló ń kún adágún Weija, tí apá ìwọ̀ oòrùn Accra ń mu omi rẹ̀. Oògùn apakòkòrò tó bá ṣàn kúrò lóko, ibẹ̀ ló forí lé. Ilé sì ń tẹ̀ lé ọ̀nà bọ̀ láti Accra. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ díwọ̀n ti di ilẹ̀ tí wọ́n ń fi púlọ́ọ̀tì díwọ̀n, onílẹ̀ sì lè tà á láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àdéhùn ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ abunu. Nígbà tí katakata bá dé, ohun tí alágbàro lè béèrè fún kò ju owó irè tó wà lórí ilẹ̀ lọ.