Níbo Ló Yẹ Ká Ti Máa Gba Package R?

Lme4 ni mo fẹ́ fi ṣe ìṣirò fáwẹ̀lì inú Orí Kẹrin iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Mo kàn mú sáfà kan nínú èyí tí R tò sílẹ̀. Ó gbà á dé ìdajì, ó já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni dátà mi ṣòfò.

CRAN ni ibi tí wọ́n ń kó package R sí. Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, ni orísun rẹ̀ wà. Àwọn yunifásítì àti iléeṣẹ́ káàkiri ayé sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí sáfà tiwọn. Ẹ̀dà kan lè lọ́ra, òmíràn sì lè pẹ́ kó tó gba àtúnṣe tuntun. Nítorí náà, yíyára nìkan kò tó.

Ẹ fi https://cloud.r-project.org bẹ̀rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń darí èèyàn sí sáfà tó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi í wé òmíràn, ẹ tẹ ìlà yìí, kí ẹ máa pààrọ̀ àdírẹ́sì:

system.time(download.packages("lme4", ".", repos = "https://cloud.r-project.org"))

Iye tó wà lábẹ́ elapsed ni ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Ẹ dán an wò láàárọ̀ àti lálẹ́, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í dúró sójú kan.

Ó ku ohun tó gé tèmi gan-an: bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ìṣẹ́jú kan péré ni R máa ń fún fáìlì kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ options(timeout = 600), ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sáfà tí mo ti ń bú látàárọ̀ lè má jẹ̀bi rárá.