Gíà Ìjàpá ń han gooro! Ẹ ka èyí kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀

Ọkọ̀ pọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ìlú kì í rí kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Volkswagen ni, èyí tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣù rìbìtì. Láti 1967 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti kó kúrò n'Íbàdàn wá sórí ilẹ̀ tirẹ̀ (wọn ò tíì máa pè é ní Obafemi Awolowo University nígbà yẹn, 1987 ni wọ́n yí orúkọ padà) ni Ìjàpá ti ń gbé àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé lọ, tó ń gbé wọn bọ̀. Nígbà tó wá di 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ l'Ékòó, lójú ọ̀nà Badagry. Ọdún owó Udoji nìyẹn. Tíṣà ra Ìjàpá, nọ́ọ̀sì ra Ìjàpá, akọ̀wé kóòtù ra Ìjàpá. Ta ni kò fẹ́ rà á?

Ọjọ́ lọ, ọjọ́ bọ̀. Ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mexico, lẹ́yìn tí iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21 káàkiri ayé. Kò sí tuntun mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí gíà Ìjàpá bá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un bí ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ l'ọ́jà Odò-Ògbè, tí ọkọ rẹ̀ kú tó fi Ìjàpá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Gíà kejì ń fò jáde, ẹni kan ní gíà-bọ́ọ̀sì ti kú pátápátá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà bí igún tó gbọ́ òórùn. Owó tí wọ́n á dá lé e, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ róbà kékeré kan ló jẹ!

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí. Bí gíà bá ń le láti wọlé tó sì ń ké kíríkírí, ẹ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì ná. Apá òsì gíà-bọ́ọ̀sì ni ìdí rẹ̀ wà, nọ́ọ̀tì tó ní ìyẹ́ méjì bíi labalábá ló dì í mú, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí i. Ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ rìn díẹ̀, bí ìdajì íǹṣì, kó tó di pé ó gan. Bí ọ̀pá gíà bá sì ń mì lọ́wọ́ yín bíi ṣíbí nínú ẹ̀kọ gbígbóná, tí ẹ ò mọ ibi tí gíà kìíní pín sí, ẹ lọ sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Pátákó irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí ibi tí irin ọ̀pá gíà ti so kọ́ gíà-bọ́ọ̀sì. Róbà ibẹ̀ máa ń jẹ tán. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ á gbà pé ẹ̀mí ọkọ̀ náà ti padà.

Ọ́ìlì ló kù. Lítà 2 àbọ̀ ni gíà-bọ́ọ̀sì Ìjàpá ń mu, ọ̀pọ̀ sì wà tí kò tó ìdajì rẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó tú ìdè ìsàlẹ̀ kí ọ́ìlì dà, ẹ rí i dájú pé ìdè òkè tí wọ́n ń rọ ọ́ sí ṣeé tú! Ẹlòmíràn ti da ọ́ìlì nù tán kó tó mọ̀ pé èyí tó kù ti dípàtà. Ìdè ìsàlẹ̀ yẹn ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́nu. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ dúdú kíkúnná lára rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èéfọ́ irin bí ìgbà tí eyín kán, ó di dandan kó bọ́ sílẹ̀.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú yàtọ̀ sí Ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ti Ìjàpá wà, gíà-bọ́ọ̀sì sì wà níwájú ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Àgbàlagbà mẹ́ta ló yẹ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ tú bátìrì, ó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ fi igi dí táyà iwájú. Bí jáàkì bá ti gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè tán, ẹ fi igi ńlá pẹlẹbẹ tàbí ẹsẹ̀ irin gidi tì í. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù! Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, ọkọ̀ tó bá sì já lu ènìyàn kì í bi í léèrè ọjọ́ orí. Lọ́dọọdún nígbà Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni máa ń lọ sí Òkè Mògún láti bọ Ògún, irin Ògún Ládìn sì wà láàfin títí dòní. Ìlú Ògún ni Ifẹ̀, mẹkáníìkì tó bá fẹ́ bọ ọ́ kó bọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ògún kì í bá ẹnikẹ́ni di jáàkì mú.

Lẹ́yìn náà ni epo. Iwájú ni táǹkì Ìjàpá wà, ó sì ga ju ibi tí epo ń lọ, bí ẹ bá yọ róbà epo láìdí i, epo á máa dà ni. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé iná jìnnà lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó ń mu sìgá náà kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tú wáyà asẹ́lérétọ̀ àti àwọn wáyà iná, bóòtù mẹ́rin péré ló ṣẹ́kù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà-bọ́ọ̀sì, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, sípánà 17 ló ń tú wọn. Ẹ fi jáàkì gba ìdí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó tú wọn tán, ìwọ̀n rẹ̀ kò jìnnà sí àpò sìmẹ́ńtì méjì. Ẹ fà á sẹ́yìn gbọọrọ, kó má ṣe fì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bó bá gbára lé ṣáàfù gíà, páálí kílọ́ọ̀ṣì lè tẹ̀, ìnáwó kejì ti dé nìyẹn.

Ó wá ku gíà-bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ẹ tú wáyà sítátà, ẹ tú wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tú ìdè abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ìjàpá oríṣi méjì ló wà o. Ẹ wo róbà tó bo ẹsẹ̀ tó ti gíà-bọ́ọ̀sì lọ sí táyà. Bó bá jẹ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣáàfù ẹsẹ̀ á tú lọ́tọ̀, iṣẹ́ rọrùn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, bíi ti ọ̀pọ̀ Ìjàpá àtijọ́ àti èyí tó ti Brazil wá, ẹsẹ̀ méjèèjì á bá gíà-bọ́ọ̀sì jáde ni. Páìpù bíréèkì àti wáyà bíréèkì ọwọ́ á kúrò pẹ̀lú.

Níbí ni kí ẹ ti la ojú yín. Irin pẹlẹbẹ gígùn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun ni sípíríǹgì ọkọ̀, ó sì ká agbára sínú. Ẹ tú ẹsẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ má tú irin náà fúnra rẹ̀ láé, ó lè gbá egungun ènìyàn fọ́. Kí ẹ sì tó tú ẹsẹ̀, ẹ fi ṣísẹ́lì sàmì sí ibi tó dúró sí gan-an. Ẹni tí kò sàmì, lẹ́yìn tó bá dà á pọ̀ tán, táyà ẹ̀yìn á máa jẹ lápá kan, kò sì ní mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì iwájú àti bóòtù ńlá méjì, onísípánà 27, ló máa ń kẹ́yìn.

Gíà-bọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀. Ó yẹ kí iṣẹ́ ilé dúró síbẹ̀. Inú rẹ̀ fẹ́ ìwọ̀n tó kéré ju irun orí lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó ṣí i. Ẹ wo àṣìṣe tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń ṣe: tí wọ́n bá dojú gíà ńlá inú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ òdì, Ìjàpá á ní gíà mẹ́rin tó ń lọ sẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo síwájú! Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibi púpọ̀ láyé. Ẹ ní kí ọ̀gá náà fi ọwọ́ yí i lójú yín kí ó tó gbé e kúrò nílẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, yálà ní Gate n'Íbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ gbé ti yín dání kí ẹ fi wé e. Páálí kílọ́ọ̀ṣì náà, bó bá ti gbó, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ yìí ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sípò, ẹ rọ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́ dà ní ojú ihò, ẹ tẹ bíréèkì títí atẹ́gùn inú páìpù fi jáde tán, kí ẹsẹ̀ bíréèkì le dáadáa kí ọkọ̀ tó kúrò nínú ọgbà. Ìrìn àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ jìnnà. Ẹ lè yí ká láti Mayfair dé Lágéré, kí ẹ padà sílé, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń kán, kí ẹ sì tún fún bóòtù ńlá méjèèjì yẹn.