Ọkọ̀ òfurufú kékeré aládàáni: agbára àti ìnáwó

Ọkọ̀ òfurufú kékeré aládàáni jẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ẹnì kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan ní fún ìrìn-àjò ara rẹ̀, tí kì í fi kó èrò gba owó. Àwọn tó ní ìjókòó mẹ́rin wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ohun tí a fi ń díwọ̀n wọn ni eré, ẹrù tí wọ́n lè gbé, epo tí wọ́n ń jó àti owó ìtọ́jú. Kò sí èyí tó borí ní gbogbo ọ̀nà. Ní Nàìjíríà, irú epo tí ẹ́ńjìnnì ń lò lè ṣe pàtàkì ju eré lọ.

Eré àti epo

Cessna 172S ní ẹ́ńjìnnì alágbára-ẹṣin 180. Ó ń sá tó kìlómítà 230 ní wákàtí kan, ó sì ń jó nǹkan bí lítà 34. Cirrus SR22 ní agbára-ẹṣin 310. Ó ń sá tó kìlómítà 330, ó sì ń jó nǹkan bí lítà 64. Diamond DA40 NG, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Austria, ní agbára-ẹṣin 168. Ó ń sá tó kìlómítà 240, ó sì ń jó nǹkan bí lítà 23.

Láti Èkó dé Àbújá jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 510 lójú òfurufú. Bí a bá fi ìṣirò yìí wò ó, Cessna yóò lo wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú lítà 75. Cirrus yóò lo wákàtí kan àbọ̀ pẹ̀lú lítà 99. Diamond yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ tó Cessna, ṣùgbọ́n lítà 49 péré ni yóò jó.

Irú epo

Cessna àti Cirrus ń lo avgas, irú epo bẹntiróò kan tí ó ní òjé nínú. Ilé-ìfọpo tó ń ṣe é kò pọ̀ lágbàáyé, òkè òkun sì ni Nàìjíríà ti ń rà á. DA40 NG ń lo Jet A-1, epo tó jọ kẹrosíìnì tí àwọn ọkọ̀ òfurufú ńlá ń lò, tí wọ́n ń tà ní Ìkẹjà àti ní àwọn pápákọ̀ òfurufú ńlá mìíràn. Ilé-ìfọpo Dangote ní Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 2024. Ọkọ̀ Diamond ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní International Aviation College, Ìlọrin.

Ooru àti òkè

Afẹ́fẹ́ máa ń fúyẹ́ níbi tí ooru bá ti mú tàbí tí ilẹ̀ bá ga. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní mítà 300 kọ̀ọ̀kan. Ní pápákọ̀ òfurufú Jos, tó ga tó mítà 1,290, Cessna gbọ́dọ̀ dín ẹrù kù. Ẹ́ńjìnnì DA40 NG ní turbo, nítorí náà kì í tètè rẹ̀ ẹ́.

Ìnáwó tí kò dúró de ìrìn-àjò

Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, adójútòfò àti àyẹ̀wò ọdọọdún wà níbẹ̀, bóyá ọkọ̀ fò tàbí kò fò. Ẹni tó bá ń fò fún wákàtí 50 lọ́dún ń ru ìlọ́po mẹ́rin ẹrù yìí lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan ju ẹni tó ń fo 200 lọ. Lẹ́yìn wákàtí 2,000, wọ́n ní láti tú ẹ́ńjìnnì Cessna palẹ̀ kí wọ́n tún un tò. Cirrus ní agbòòrùn ìgbàlà tó lè gbé odindi ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Òfin

Òfin NCAA kò gba ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìrìn-àjò aládàáni láàyè láti gba owó lọ́wọ́ èrò. Ní 2024, àjọ náà dá ìwé àṣẹ àwọn kan dúró nítorí èyí. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ka owó èrò mọ́ ohun tí yóò fi tọ́jú rẹ̀. Iye wákàtí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fò ni kí ó fi ṣe ìṣirò.