Ṣé O Mọ̀? Òkè Tí Wọ́n Fi Àpáàdì Kọ́
Òkè Monte Testaccio nílùú Róòmù kì í ṣe òkè àdáyébá: àpáàdì ni wọ́n kó jọ láyé ìjọba Róòmù àtijọ́ títí ó fi ga tó mítà 35, àwọn awalẹ̀pìtàn sì fojú bù ú pé ìkòkò tó wà níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 53. Àńfórà, ìyẹn ìkòkò amọ̀ ọlọ́wọ́ méjì, ni wọ́n fi ń kó òróró ólífì wá, pàápàá láti gúúsù Sípéènì. Bí amọ̀ bá ti fa òróró mu, ìkòkò kò ṣeé tún lò mọ́, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sì bu ẹfun lé e nítorí òórùn (àkìtàn ni, ṣùgbọ́n àkìtàn elétò). Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi yíǹkì kọ sára àwọn àpáàdì kan ṣì ń fi ìwọ̀n òróró, orúkọ oníṣòwò àti ọdún hàn.