Lẹ́tà Méje Lọ́wọ́ Mi

A, E, G, I, N, S, T. Lẹ́tà tó wà níwájú mi nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó ti bọ́ọ̀dù Scrabble lábẹ́ igi máńgòrò àgbàlá wa ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Mo wò wọ́n títí, àfi EATING! Mo tò ó kalẹ̀, S sì ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Bàbá onílé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n kó o kúrò.

"Àdùkẹ́, yọ I-N-G sápá kan. Kí ló kù?"

A, E, S, T ló kù.

"Kí ni wọ́n lè jẹ́?"

SEAT, mo ní. TEAS. EAST. Wọ́n ní kí n wá dá I-N-G padà sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. SEATING jáde, TEASING jáde. EASTING pàápàá wà nínú díṣọ́nárì. Ká yọ ti àwọn ojú aláwọ̀ tó ń sọ pọ́ìntì di ìlọ́po kúrò, pọ́ìntì 7 ni EATING ìbá fún mi. SEATING jẹ́ 8, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo lẹ́tà méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà a gba 50 lé e. Pọ́ìntì 58 wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀!

Ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Butts, ló pilẹ̀ eré yìí ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú ọmọ 100 tó wà nínú àpò, tí Q àti Z sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn lẹ́tà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì náà ló pọ̀ nínú àpò, wọ́n sì máa ń wá pọ̀ síni lọ́wọ́. RETAINS, NASTIER, STAINER, RETINAS: lẹ́tà méje kan náà ni gbogbo wọn.

Etí wa ló kọ́kọ́ ń dí wa lọ́wọ́. Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì to tẹ̀lé ara wọn láìsí fáwẹ́lì láàárín. Gb tí ẹ ń rí, ẹyọ kan ṣoṣo ni. A gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, a sọ ọ́ di súkúùlù, a sọ ọ́ di gíláàsì. Nítorí náà, bí a bá ń to lẹ́tà, fáwẹ́lì lọwọ́ wa ń wá. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. STRENGTHS: lẹ́tà 9, fáwẹ́lì 1. RHYTHM kò ní A, E, I, O tàbí U kankan. Bàbá kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ kó àwọn tó máa ń bára wọn rìn jọ: S-T-R, C-H, T-H, G-H-T.

Ṣùgbọ́n èdè wa náà ló wá ràn mí lọ́wọ́ jù. Olúwafúnmiláyọ̀ ni orúkọ mi. Ta ló gbọ́ ọ rí tó ń ka lẹ́tà inú rẹ̀? Olúwa la gbọ́, fún la gbọ́, mi, ní, ayọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀. UNCOPYRIGHTABLE jẹ́ lẹ́tà 15, kò sí èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú wọn, ó sì gùn gẹ́lẹ́ bí ìlà kan lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bani, àfìgbà tí a bá já a sí UN, COPY, RIGHT, ABLE. Àfòmọ́ ni UN àti ABLE. Àwọn àfòmọ́ yìí ni kí o kọ́kọ́ wá: RE, UN, OUT níwájú, ED, ER, ING, TION lẹ́yìn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni A, C, D, E, I, N, O, T, U. Fáwẹ́lì márààrún tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Fi TION sídìí, EDUCATION ni. Dà á rú, fi ED sídìí dípò TION, AUCTIONED ni. Tún un dà rú, CAUTIONED! Lọ́jọ́ tí mo rí i, oorun dá lójú mi. Nírọ̀lẹ́ kan, aládùúgbò wa to AUCTION sórí bọ́ọ̀dù, E àti D sì wà lọ́wọ́ mi. Mo rọra fi wọ́n sí i.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ló ń gba ife, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé Scrabble ti Gẹ̀ẹ́sì, ní Perth ní Australia lóṣù Kọkànlá 2015, FELTY, ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún péré, wà lára ohun tó fi borí. Lọ́dún yẹn kan náà, Nigel Richards ará New Zealand gba ife ti èdè Faransé láìgbọ́ Faransé. Ìrísí ọ̀rọ̀ ló há sórí. Mo yẹ́ àwọn méjèèjì sí. Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti so kọ́ra ni ọkàn tèmi ń fà sí.

Bàbá ti lọ báyìí. Agolo mílíìkì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi kún fún páálí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́: lójú kan, lẹ́tà tí wọ́n tò bí álífábẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn. Lálẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, a máa fa ọ̀kan yọ. ADEINST ló fà lánàá. Ó yọ ED, ó rí STAIN, ó pariwo: "STAINED!" Mo ní kó tún wò ó. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àǹtí, INSTEAD ńkọ́?" Ó yí páálí náà padà. STAINED wà níbẹ̀, DETAINS wà níbẹ̀, SAINTED náà wà níbẹ̀. INSTEAD kò sí. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ tí Bàbá kọ.